Inú Rere Nìkan Ha Tó Bí?

Bí a bá rán ẹni tí a kò kọ́ láti lọ ran ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, tí ó sì ṣe é bí kò ti yẹ, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà? Àwọn kan wí pé ìfẹ́ ọmọ ti tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1986 sí 1987, ní Kingston, ilẹ̀ Jàmáíkà, a yan ọmọ 129, ẹni oṣù 9 sí 24, tí wọ́n kúrú ju bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń bẹ bí ìdajì wọn wò nílé, wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún 2. Wọn kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ wọn bí a ti ń bá ọmọdé ṣeré àti bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀, alábòójútó sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Iṣẹ́ wọn ni láti fi í han ìyá, kì í ṣe láti gba ipò rẹ̀ (èyí ṣòro púpọ̀ fún ẹni tí ó mọ nǹkan!). Nígbà tí àwọn ọmọ náà tó nǹkan bí ẹni ọdún 22, owó iṣẹ́ wọn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò rí irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá ń dáwó fún jẹ́lé-ó-sinmi, a fẹ́ rí ilé, a fẹ́ rí àga tuntun. Ta ni ń bèèrè owó ọkọ̀ ẹni tí yóò máa padà wá wo olùkọ́?