Ta Ni Ó Jẹ̀bi Oorun Awakọ̀?

Orè ni ọ̀nà Èkó, ti Benin àti ti Oǹdó ti pàdé, ìdí nìyí tí kò fi sí ọmọ Àgọ́-Aláyè tí kò mọ ìró tìrélà lóru.

Ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ fún àwọn akẹ́rù níbí, kó mọ̀ pé ìdí mọ́tò bọ́ì ni wọ́n ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Yóò sùn sábẹ́ ọkọ̀, yóò fi igi dá táyà dúró, yóò kọ́ pé jíà kékeré ni a fi ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí bíréèkì má baà gbóná jù. Ìyẹn ṣì rọrùn.

Owó ló ṣòro. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, iye ìrìn-àjò tí dírẹ́bà bá lọ ni wọ́n ń sanwó lé. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, ń kìlọ̀ pé kí awakọ̀ sinmi lẹ́yìn wákàtí 4, ṣùgbọ́n ìsinmi kì í mówó wá. Bí oorun bá gbé e tí ọkọ̀ sì pa èèyàn, ọ̀gá á ní, "Èmi kò ní kó sáré."

Òótọ́ ni, kò fẹnu sọ ọ́. Owó tó ń san ló sọ ọ́. Mi ò ní ká dá dírẹ́bà láre o. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìdarí ọkọ̀ wà, ó sì lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àmọ́ ẹni tí ebi ọmọ ń lé, tó dáhùn pé "ó dáa, sà," ṣé tinútinú ló fi gbà? Lójú tèmi, ẹni tó ṣètò iṣẹ́ báyẹn ti jẹ̀bi kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì, kódà bó bá gúnlẹ̀ láyọ̀.