Ọdẹ àti Ẹni Tó Ń Sin Ẹran: Ta Ni Gbèsè Rẹ̀ Wúwo Jù?



Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní Kétu níbí máa ń bi mí pé: "Bàbá, ṣé ẹni tó ń pa ẹran nínú igbó ò burú ju ẹni tó ń sin ẹran lọ? Ẹran ìgbẹ́ ò ṣáà ṣẹ̀ ẹ́."

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọdẹ. Ọ̀kan nínú ìtàn Ògúndá sọ pé àwọn méjì ń jà lórí ẹja, Ògún bá dá a sí méjì fún wọn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn ò sìn, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Àwọn ará Òṣogbo mọ èyí. Olútìmẹ́hìn, ọdẹ erin, wà lára àwọn tó tẹ ìlú náà dó. Síbẹ̀, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Láyé àtijọ́, igbó pọ̀, ẹran pọ̀. Lónìí, erin tó kù nínú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ò tó nǹkan. Ẹni tó bá pa ọ̀kan níbẹ̀, ìpín àwọn ọmọ tí a ò tíì bí ló jẹ.

Ẹran ọ̀sìn wá ńkọ́? Ẹran ìgbẹ́ mọ̀ pé ọ̀tá lọdẹ, ó ń sá. Ṣùgbọ́n adìyẹ tí o ń fún ní ọkà láràárọ̀, tí o bá pè é, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń sáré bọ̀. Ó fọkàn tán ẹ. Lójú tèmi, gbèsè ẹni tó ń sin ẹran ló wúwo jù. Kí adìyẹ lo gbogbo ayé ẹ̀ nínú àhámọ́ tí kò ti lè na ìyẹ́, kí wọ́n tún so ó lẹ́sẹ̀, kí wọ́n dorí ẹ̀ kodò lórí ọ̀kadà láti Mile 12 dé Ìkòsí, ṣé ìtọ́jú nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa oníṣẹ̀ṣe gan-an, torí ẹran ọ̀sìn la fi ń rúbọ jù. Àwọn kan á ní, "Ṣebí a máa pa á náà ni?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹ̀ la bèèrè. A ò bèèrè ìyà.

Nítorí náà, tí Ifá bá ní kẹ́ ẹ mú adìyẹ tàbí ewúrẹ́ wá, ẹ fún un lómi, ẹ gbé e síbi tí òòrùn ò sí, kí ọ̀bẹ sì mú dáadáa. Ẹbọ á fín o.