Egungun Inú Ìhò Eléérú: Kí Ni Ká Sọ fún Ọmọdé?



Ní kíláàsì àwọn ọmọdé tí à ń ṣe ní Bàrígà, a sọ ìtàn Ìhò Eléérú fún wọn. Ihò àpáta ni, nítòsí Isarun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bá egungun ènìyàn. Ìwádìí tó jáde ní 2011 sọ pé egungun náà ti tó bí ọdún 11,700 sí 16,300. Síbẹ̀, agbárí rẹ̀ jọ ti àwọn tó gbé ayé jìnnà ṣáájú ìgbà náà.

Ẹnu ń ya àwọn ọmọ, àfi ọ̀kan tó ní: "Ústáàsì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe sàréè ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n hú yẹn?"

A kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ní ká má tilẹ̀ sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, kó má baà da ìgbàgbọ́ rẹ̀ rú. Àwọn mìíràn ní egungun lásán ni, kò sí ohun tí à ń bẹ̀rù. A kò fara mọ́ méjèèjì. Nínú Súúrà Ankabuutu, Ọlọ́hun pàṣẹ pé ká rìn lórí ilẹ̀, ká wo bí Òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá. Ọmọ tí a bá fi èyí pamọ́ fún yóò gbọ́ ọ níta, yóò sì rò pé ẹ̀sìn wa ń sá fún ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ṣíṣẹ́ egungun òkú wé ṣíṣẹ́ ti alààyè. Ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó ló lè sọ ọmọ Ádámọ̀ di òkúta lásán? Kò sí.

Nítorí náà, ká kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀: Ta ló yọ̀ǹda? Ìmọ̀ ni à ń wá, àbí owó? Níbo ni òkú náà yóò sùn lẹ́yìn tí a bá ti wò ó tán? Òfin Nàìjíríà ti 1979 pàápàá kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbẹ́lẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga ní Ṣómólú, tí ọmọ rí egungun, kó má fi ṣeré. Kó pe àgbà.

Lọ́sẹ̀ kejì, a dá ọmọ náà lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, sàréè ni. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ló yẹ kó gbẹ́ ẹ."

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó lánfààní. Àmín.