Ohun Tí Ojú Rí Tí Ọwọ́ Kò Gbọdọ̀ Mú

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó ti pẹ́ jù lọ nínú ìmọ̀ ìwà híhù ni bóyá ìlò ènìyàn nìkan ni a tìtorí rẹ̀ dá ohun gbogbo tó wà láyé, tàbí bóyá àwọn ẹ̀dá kan wà tó ní ẹ̀tọ́ láti wà, bí wọn kò tilẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹlẹ́sìn a máa gbé ìbéèrè yìí dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá, àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ti ẹ̀tọ́ àti ojúṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí òfin ti gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ní gbangba, tó fi jẹ́ pé ìwà ni àlejò fi ń dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn ni etíkun olókùúta tó wà nítòsí ìlú kékeré Leigh, ní àríwá Auckland, lórílẹ̀-èdè Nìú Sílándì, níbi tí erékùṣù kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tí àwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń pè ní Te Hāwere-a-Maki.

Ní ọdún 1971 ni a ṣe òfin tó fàyè gba yíya apá kan òkun sọ́tọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, nígbà tó sì di ọdún 1975, etíkun yìí di àkọ́kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀. Òkun tí a yà sọ́tọ̀ báyìí jẹ́ ibi tí a kò ti gbọdọ̀ pẹja, tí a kò gbọdọ̀ ṣa ìkarahun, tí a kò sì gbọdọ̀ mú ẹ̀dá abẹ̀mí kankan lọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀, agbègbè náà kò tóbi, nítorí pé kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ní gígùn létí òkun lọ, ààlà rẹ̀ sì wọ inú òkun tó nǹkan bí 800 mítà. Síbẹ̀, òfin yìí kò lé ènìyàn lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ inú omi, kí ó de ìbòjú onígíláàsì mọ́ ojú, kí ó fi eyín di ọ̀pá tí a fi ń mí mú, kí ó dojú bolẹ̀ léfòó, kí ó sì máa wo ohun gbogbo tó ń lọ láàárín àwọn àpáta. Àwọn àgbà ti sọ pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Òfin etíkun yìí fi kún un pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ọwọ́ ń mú.

Ohun tí ìkàléèwọ̀ náà fi hàn ló yẹ kí onírònú kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Kí a tó ya ibẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn apẹja ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní tāmure, àti alákàṣà tí wọ́n ń pè ní kōura, kúrò nínú omi náà. Àwọn méjèèjì yìí ló ń jẹ kina, ìyẹn ẹ̀dá kékeré roboto tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀, tó sì ń jẹ ewé òkun. Nígbà tí ọ̀tá kina dín kù, kina pọ̀ sí i, ó sì jẹ igbó ewé òkun tó wà lábẹ́ omi náà tán títí ó fi ku àpáta lásán. Lẹ́yìn tí a fòfin de ẹja pípa, àwọn ẹja ńlá padà wá, kina dín kù, igbó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí àpáta díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan tàbí méjì, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé ìwádìí Yunifásítì Auckland tó wà létí omi náà, níbi tí ọ̀kan nínú wọn, Bill Ballantine, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti jà fún irú ibi bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2015, ló ṣàkíyèsí ìyípadà yìí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí kì í gbé ọwọ́ kúrò lára nǹkan kò lè mọ bí nǹkan náà ti rí gan-an, nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ ni yóò máa pè ní ìṣẹ̀dá. Nítorí náà, ìkóra-ẹni-níjàánu kì í ṣe ìwà rere nìkan, ọ̀nà ìmọ̀ ni pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò sọ pé èrè ni ìdí tó dára jù lọ fún irú òfin yìí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwádìí tí a fi àbùdá ẹja ṣe, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ tāmure tí a yẹ̀ wò lẹ́yìn ààlà agbègbè náà ló jẹ́ ọmọ àwọn ẹja tó ń gbé inú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn apẹja pàápàá ń jẹ nínú ohun tí a ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èrè nìkan ni òpó tó gbé òfin náà dúró, ọjọ́ tí èrè bá yẹ̀ ni òfin náà yóò wó. Ohun tí a dá sí nítorí pé a fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́la kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ajẹ̀jẹkújẹ. Ọjọ́ ikú rẹ̀ nìkan ni a sún síwájú.

Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ní ìdí mìíràn tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Àwọn Māori mọ ohun tí wọ́n ń pè ní rāhui, ìyẹn kíka ibì kan léèwọ̀ fún ìgbà kan, bóyá nítorí pé oúnjẹ ibẹ̀ ń tán tàbí nítorí pé ènìyàn bá omi lọ níbẹ̀; òrìṣà tó ń jẹ́ Tangaroa ni wọ́n gbà pé ó ni òkun, olùtọ́jú lásán sì ni ènìyàn. Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ogún àjùmọ̀ní àgbáyé ní ọdún 2005, a kì í pẹja inú odò náà, a kì í sì í dọdẹ, nítorí pé ohun tó wà níbẹ̀ ní olúwa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò: a máa ń ká rāhui kúrò nígbà tí àkókò bá tó, kí àwọn tó kà á léèwọ̀ lè tún rí ibẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n òfin ìjọba kò dá ọjọ́ tí yóò tú. Ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń pẹja níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lè béèrè pé, ta ló fún ẹlòmíràn láṣẹ láti sọ òun di òǹwòran lórí omi àwọn baba òun? Ìbéèrè òdodo ni èyí, ìdáhùn tó tọ́ sí i sì ni pé kí àwọn onílẹ̀ wà lára àwọn tó ń dájọ́, nítorí èèwọ̀ tí a kò bá onílẹ̀ jíròrò kò yàtọ̀ sí ìfipágbà.

Ó kù nìbọn ń ró, nítorí pé ojú tó ń wòran náà kì í ṣe aláìlẹ́ṣẹ̀ pátápátá. Ẹni tó wá wòran lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀dá kéékèèké mọ́ àpáta, ó lè yí òkúta tó jẹ́ òrùlé ẹ̀dá mìíràn padà, kí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ń ju oúnjẹ sí ẹja kí ó lè sún mọ́ ọn, ó ti sọ ẹja náà di alágbe nítorí ìgbádùn ara rẹ̀. Kò mú nǹkan kan lọ, síbẹ̀ ó ti lo ohun tí a ní kí ó má ṣe lò. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni èèwọ̀ náà ń bá wí. Ọkàn tó gbà pé nítorí òun ni gbogbo nǹkan ṣe wà ló ń bá wí jù lọ.

Ìdájọ́ tó tọ́, nígbà náà, ni pé àwọn ẹ̀dá kan wà tí wíwà wọn nìkan tó láti jẹ́ ìdí fún dídá wọn sí, àti pé ènìyàn kò dínkù nígbà tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní etíkun ya apá kan òkun rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó sì ṣe é pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan àwọn tó ni ibẹ̀. Kí ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ wo ohun tó bá fẹ́, kí ó fi ohun gbogbo sílẹ̀ bí ó ti bá a, yálà ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.