Ẹlẹ́rìí Méjì Lórí Ohùn Kan

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ohùn, ta ló yẹ ká gbà gbọ́: òǹkà ẹ̀rọ ìwọ̀n ni, àbí etí ọmọ ènìyàn? Sípíkà ni mo ń gbé kiri láti Òmùpo dé Òmù-Àrán, fún ìsọmọlórúkọ, ìwàásù àti òkú àgbà, ìbéèrè yìí kì í sì í fi mí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni mo kà á sí. Ohùn tó bá ti ọwọ́ mi lọ́, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló bà jẹ́.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí etí bá pẹ́ nínú ariwo, ariwo á mọ́ ọn lára, kò ní mọ ìgbà tó kọjá ààlà. Àjọ NIOSH, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe wà nínú ariwo dẹ́sìbẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí dẹ́sìbẹ̀lì 3 bá ti ń gorí rẹ̀, kí àkókò náà máa dín sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ọmọdé tó ń jó níwájú sípíkà kò lè fi etí lásán mọ èyí.

Etí náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Níbi òkú àgbà kan, ọmọṣẹ́ mi wo fóònù tó fi ń wọn ohùn, ó ní, “Ọ̀gá, ó ti pé.” Bàbá onídùndún mi orí: “Ariwo ni mò ń gbọ́, n ò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí.” Òótọ́ ni. Ìró òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Báàsì tó pọ̀ jù sì máa ń bo ìró wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀. A dín báàsì kù. Òǹkà orí fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àmọ́ oríkì olóògbé yọ ketekete, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún onílù.

Ṣé etí wá borí ni? Rárá o. Lọ́dún 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, onímọ̀ nípa ìró, gbé ìwádìí kan jáde: àwọn ènìyàn gbọ́ sípíkà kan náà lójúkojú, wọ́n tún gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Bí ojú bá ti rí bó ṣe tóbi tó àti orúkọ ẹni tó ṣe é, ìdájọ́ etí á yí padà. Ojú a máa fún etí ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ̀rọ náà má sì ṣe gbéra ga. Lọ́dún 1933, Fletcher àti Munson, ní ilé ìwádìí Bell, ní kí àwọn ènìyàn gbọ́ onírúurú ìró, kí wọ́n sọ èyí tó lọ sókè bákan náà létí wọn. Látinú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n dẹ́sìbẹ̀lì A tí à ń lò káàkiri ti wá. Etí ènìyàn ló kọ́ ẹ̀rọ ní ohun tó mọ̀.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmánà ni etí àwọn tó pè mí jẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí náà ẹlẹ́rìí méjèèjì ni mò ń pè. Tí wọ́n bá takora, n kì í lé ìkankan jáde. Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣì wà tí n ò tíì bi wọ́n.