Ọmọ tí Ojú Rẹ̀ ti Rí Ìyà: Ẹni tí ó Dá Gbà á Tọ́ àti Ojúṣe Jámáà

KÙTÚBÀ KÌÍNÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa nínú àìlera, tí Ó sì fi agbára fún wa. A ń yìn Ín, a ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀, a sì ń sá di Í níbi aburú ẹ̀mí wa. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāhu, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún ara mi àti fún yín pé kí a páyà Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba.

Ìbéèrè kan ń dé ọ̀dọ̀ wa láti ẹnu àwọn arábìnrin tí kò sí ọkọ nílé wọn. Wọ́n ní, ǹjẹ́ ó tọ́ kí obìnrin nìkan gba ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 tàbí 12 tọ́, ọmọ tí ó ti gbé ilé mẹ́ta sí mẹ́rin, tí wọ́n ti nà, tí wọ́n ti febi pa, tí ó sì ti kọ́ irọ́ pípa àti olè jíjà níbi tí ó ti ń wá oúnjẹ? Ẹbí ń sọ pé, “Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, èyí ti dàgbà jù.” Àwọn aládùúgbò ní wàhálà ni ó fẹ́ fowó ara rẹ̀ rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí a ń tẹ̀ lé. Bàbá Ànábì wa kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀, Āmina, kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6. Bàbá rẹ̀ àgbà, Abdul-Muttalib, kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 8, ni Abū Tālib, arákùnrin bàbá rẹ̀, bá gbà á tọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọmọ ọwọ́ ni Abū Tālib gbà. Ọmọ tí ó mọ ohun tí ikú ń jẹ́ ni. Nínú Súúrà Ad-Ḍuhā, Ọlọ́hun rán an létí pé òrukàn ni òun bá a, òun sì fún un ní ibùgbé. Lẹ́yìn náà ni Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ gàba lé òrukàn lórí.

Ẹ tún wo Zayd ọmọ Hāritha. Àwọn akónilẹ́rú jí i gbé ní kékeré, wọ́n sì tà á ní ọjà Ukāẓ. Ó dé ọwọ́ Khadīja, Khadīja sì fi í fún Ànábì. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ó mú owó ìràpadà wá sí Mẹ́kà. Ànábì kò gba owó. Ó ní kí Zayd fúnra rẹ̀ yàn. Zayd yan Ànábì. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ará mi: ọmọ tí wọ́n tà lọ́jà bí ẹran, tí ó wá rí àyè láti lọ sílé bàbá rẹ̀, kí ni ó dá a dúró? Ìwà ni. Ọmọ yìí kan náà ni ó padà di olórí ogun, tí ó kú ikú ajẹ́rìíkú ní Mu'ta. Òun nìkan ni sàábé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Àlùkùránì.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìrókò, òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n igi ni a pa á mọ́. Àwọn sàábé tí wọ́n di òpó ẹ̀sìn, àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n fi òrìṣà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ọmọ ọdún 12 kò lè yí padà mọ́ ti gbàgbé bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò ní fi dídùn ọ̀rọ̀ tan ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí oúnjẹ kún ìkòkò. Ó lè purọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bá a wí. Ó lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá ìwọ náà yóò lé e jáde bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi ti òsì fà á mọ́ra. Anas ọmọ Mālik wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 10 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin Ànábì. Ó sì jẹ́rìí pé ní gbogbo ọdún mẹ́wàá tí òun lò, kò pòṣé sí òun rí.

Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.

KÙTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá.

Ẹ̀yin mùmínì, ìdáhùn wa ni pé ó tọ́, láádá rẹ̀ sì pọ̀. Ànábì na ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín rẹ̀ sókè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun àti alágbàtọ́ òrukàn yóò ṣe wà pọ̀ ní Àlùjánnà. Kò ní dandan ni kí alágbàtọ́ náà ní ọkọ tàbí aya. Ṣùgbọ́n sàríà fi ààlà sí i.

Èkíní, orúkọ. Súúrà Al-Aḥzāb pa á láṣẹ pé bàbá tí ó bí ọmọ ni kí a máa fi pè é. Zayd náà padà di ọmọ Hāritha. Ẹ má pa ìtàn ọmọ rẹ́, ẹ má sì fi òtítọ́ pamọ́ fún un.

Èkejì, ogún. Ọmọ àgbàtọ́ kò sí lára àwọn tí Àlùkùránì pín ogún fún, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kọ wàsíyà fún un, bí kò bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ikú tó dé. Bí ọmọ náà bá sì ní ohun ìní tirẹ̀, iná ni ẹni tí ó bá fi àbòsí jẹ ẹ́ ń jẹ sínú.

Ẹ̀kẹta, ìbòra. Gbígbà tọ́ nìkan kì í sọ ọmọ di máhrámù. Nítorí náà ó rọrùn jù kí obìnrin tí ó dá wà gba ọmọbìnrin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sún mọ́ èyí: ó gba ẹni tí kò lọ́kọ tàbí tí kò láya láyè láti gba ọmọ bí ó bá ti pé ọdún 35, bí ọmọ náà bá jẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ tàbí obìnrin bíi tirẹ̀. Ẹ gba ọ́fíìsì wẹ́lífíà kọjá. Ẹ má gba ọmọ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin, èròńgbà. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ ni à ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ẹni tí ó bá ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ fi orúkọ òrukàn bo ara rẹ̀. Bí ọmọ tìrẹ bá ń lọ sílé ìwé tí èyí ń kiri ọjà, o kò gba ọmọ tọ́. Ẹrú ni o kó wálé.

Ẹ̀yin jámáà, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Arábìnrin tí ó gba irú ọmọ yìí yóò rẹ̀, yóò sunkún lóru. Kí ilé kéwú wa gba ọmọ náà láìgba owó. Kí àwọn ìyá àdínì máa yọjú sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ìtàn ọmọ náà di ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, nítorí ẹni tí ó bá bo àṣírí Músùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀. Bí owó bá sì sọnù ládùúgbò, kí a má ṣe kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

Ọlọ́hun, fún àwọn tí ń tọ́ ọmọ tí wọn kò bí ní sùúrù. Fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ọkàn àwọn ọmọ tí ayé ti fìyà jẹ. Má ṣe jẹ́ kí òrukàn ti ọwọ́ wa sunkún dé iwájú Rẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ máa bá Ànábì Muhammad. Āmīn.