Bí Àrùn Kò Bá Lọ Tán, A Ha Lè Pè É Ní Ìwòsàn?

Nígbà tí Yorùbá bá pàdé ara wọn, wọn kì í béèrè pé, 'Àrùn mélòó ni ó kù lára rẹ?' Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, 'Ṣé àlàáfíà ni?' Ìbéèrè yìí ju ti ara nìkan lọ: oorun wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ilé àti ọ̀nà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀ràn kan yẹ̀ wò. Bí ìtọ́jú kan kò bá lé àrùn lọ tán, ṣùgbọ́n tí ó fún aláìsàn ní àlàáfíà díẹ̀, ìwòsàn ha ni bí?

Wárápá ni mo ní lọ́kàn. Nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń ṣe ní ayé. Oògùn ń kápá ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wà tí oògùn kò ràn. Ní ọdún 1988, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan sí abẹ́ awọ àyà ẹni tí wárápá ń ṣe. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara rẹ̀ lọ sí apá òsì ọrùn, ó wé mọ́ iṣan tí a ń pè ní vagus, èyí tí ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ, ọkàn àti ikùn. Ẹ̀rọ náà a máa fi iná mànàmáná díẹ̀ ta iṣan yìí jí. Nígbà púpọ̀, yóò ṣiṣẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì sinmi fún ìṣẹ́jú 5, tọ̀sán tòru. Ní 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wárápá a máa dín sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún nǹkan bí ìdajì àwọn tí ń lò ó. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ pátápátá kò pọ̀ rárá.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, 'Bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òòbẹ̀ ni ìtọ́jú yìí.' Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá jẹ́ pé iye ìgbà tí ènìyàn ṣubú nìkan ni a ń kà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, àwọn dókítà ní ìlú Bonn ní Jámánì ròyìn pé ìbànújẹ́ fúyẹ́ lọ́kàn àwọn kan tí ń lo ẹ̀rọ náà, àti pé ìfúyẹ́ yìí kò dúró lórí bí wárápá wọn ti dín tó. Ta ni yóò wí pé èyí kì í ṣe nǹkan? Ohun tí ó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ̀rọ náà a sì máa mú ohùn há bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ lè má ka èyí sí. Kí ni a ó wí fún oníjàálá tàbí olùkọ́? Nítorí náà ni aláìsàn fi gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ń dájọ́.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ àlàáfíà bo ìmẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀. Wárápá lè gbé ènìyàn létí odò tàbí nídìí iná, ó sì lè pa á. Ẹni tí ó bá ní kí a dẹ́kun kíka ìṣubú, nítorí pé inú aláìsàn dùn díẹ̀, ń tan aláìsàn jẹ ni.

Mo gbà pé ìwòsàn ni, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Apá kan ń bẹ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Apá kejì ń bẹ lọ́wọ́ wa. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè wo ìwà ẹni tí ń sá fún itọ́ oníwárápá, bẹ́ẹ̀ wárápá kì í ràn. Kò sí wáyà tí ó lè mú àwọn tí kò fẹ́ bá a jẹun pọ̀ padà wá sídìí àwo. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ni èyí ń fẹ́. Kí a tó bi oníwárápá pé ṣé àlàáfíà ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa.